Idà àti Ààbò: Lẹ́tà sí Àkànní

Àkànní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Òpómúléró,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé o kò gbé ìbéèrè tí ń jẹ ọ́ lọ́kàn mì, nítorí abèèrè kì í ṣìnà. O ní nínú Ésékíẹ́lì orí 9, a fi àmì sí iwájú orí àwọn tí ń kérora nítorí ìwà ìríra ìlú, kí apani má bàa fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ní orí 21 ìwé kan náà, o bá idà tí a yọ láti gé olódodo àti ènìyàn búburú kúrò pọ̀. Èwo ni ká gbà?

Má gba ti ẹni tó ní Bíbélì ń ta ko ara rẹ̀, má sì tẹ̀lé oníwàásù tí ń fo orí 21 kọjá. Wo ẹni tó sọ̀rọ̀ náà. Àlùfáà ni Ésékíẹ́lì, ó ti di ìgbèkùn létí odò Kébárì ní ilẹ̀ Bábílónì láti ìgbà tí a ti kó Jèhóákínì ọba lọ ní 597 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Níbẹ̀ náà ni aya rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tí Ọlọ́run sì ní kò gbọdọ̀ sunkún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè tàn wá pé ibi kì í dé ẹnu ọ̀nà olódodo. Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n, tí wọ́n fi ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yé mi jù ni Jeremáyà orí 38 àti 39. Ebedi-Méléki ará Etiópíà, ìwẹ̀fà ààfin, ni ó kó ọgbọ̀n ọkùnrin lọ fa wòlíì Jeremáyà yọ nínú kànga ẹlẹ́rẹ̀, tí ó ju àkísà sí i kí ó fi sí abíyá kí okùn má bàa gé e lára. (Àkísà yẹn a máa wú mi lórí, oore tí ń ro ìrora ẹlòmíràn kò wọ́pọ̀ nígbà ogun.) Kí ni Ọlọ́run wí fún un? Ẹnu kan náà ni ó fi sọ pé ibi tí òun ti pinnu yóò dé bá ìlú Jerúsálẹ́mù lójú rẹ̀, àti pé idà kò ní pa á, ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò jẹ́ ìkógun fún un. Nígbà tí Jerúsálẹ́mù ṣubú ní 586, tí odi wó, tí tẹ́ḿpìlì jóná, kò sí ìlérí kankan lórí ilé rẹ̀ tàbí iṣẹ́ rẹ̀. Sáàmù 91 tí o gbẹ́kẹ̀ lé kò yàtọ̀: inú rẹ̀ gan-an ni a ti gbọ́ pé Ọlọ́run yóò wà pẹ̀lú ẹni tirẹ̀ nínú ìpọ́njú, ìpọ́njú náà ní láti dé ná.

Ní ti ìyá tí o ní ọmọ rẹ̀ kú, tí àwọn kan nínú ìjọ yín ń sọ fún pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó, lọ bá a kí ọjọ́ ìsinmi tó dé. Má wàásù fún un. Sọ ti Ésékíẹ́lì fún un, pé Ọlọ́run kò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn nítorí ikú aya rẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ sunkún, jẹ́ kí ó sun ún, nítorí a kò kọ̀ ọ́ fún òun. Owó díẹ̀ tí mo fi sínú lẹ́tà yìí, fi ra oúnjẹ lọ fún un.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ.