ÌTỌ́JÚ APÁ TÀBÍ ẸSẸ̀ TÍ A FI P.O.P. DÌ

Onírúurú ọ̀nà ni eegun fi ń dá ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́. Ọ̀kadà a gbé ènìyàn ṣubú ní Ìkọ̀tún. Ọmọdé a já láti orí igi máńgòrò ní Ìgàndò. Ìyá àgbà a yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga ní Ẹ̀gbẹ́dá. Nígbà tí dókítà bá ti to eegun náà tán, tí ó sì ti fi P.O.P. dì í, ọ̀pọ̀ ènìyàn a rò pé iṣẹ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ dókítà ní ọjọ́ náà lè má ju wákàtí díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aláìsàn àti ti àwọn ará ilé rẹ̀ yóò gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá ṣe é dáradára, ẹni náà yóò tún rìn, yóò sì tún ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe é dáradára, eegun náà lè so ní wíwọ́, tàbí kí ọ̀ràn náà di èyí tí a óò gé apá tàbí ẹsẹ̀ fún. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí olúkúlùkù mọ ẹ̀kọ́ yìí.

KÍ NI P.O.P.?

P.O.P. ni orúkọ tí a ń pe ìdì funfun líle náà. Àwọn ẹlòmíràn a máa pè é ní símẹ́ńtì, ṣùgbọ́n kì í ṣe símẹ́ńtì ìkọ́lé. Òkúta kan tí a ń wà nínú ilẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ gypsum, ni a fi ń ṣe é. A óò fi iná yan òkúta náà títí omi inú rẹ̀ yóò fi dín kù, a óò sì lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Bí a bá tún pò ó mọ́ omi, yóò gbóná díẹ̀, yóò sì padà le bí òkúta. Láyé àtijọ́, irú òkúta yìí pọ̀ ní àyíká ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́tà tí ó kẹ́yìn nínú P.O.P. dúró fún orúkọ ìlú náà. Ní 1851, Antonius Mathijsen, tí í ṣe oníṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́búlẹ́bú yìí ra aṣọ ìdì, tí ó sì ń fi omi rin ín kí ó tó fi di eegun tí ó dá. Ọ̀nà yìí ni a ṣì ń lò títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú mìíràn wà tí ó fúyẹ́, tí ó sì tètè ń gbẹ, èyí tí a fi fọ́nrán gíláàsì ṣe.

Ó DI DANDAN KÍ A MÁA ṢỌ́ Ọ

Ní Èkó, ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì ni ó lókìkí jù. Ní 1945 ni a dá a sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ti ìjọba àpapọ̀ ni lónìí. Èyí tí ó súnmọ́ àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ ni Ilé Ìwòsàn Gbogbogbò ti Alímọ̀ṣọ́, tí ó wà ní Ìgàndò.

Ẹ̀rù a máa ba àwọn ènìyàn láti lọ sí irú ibẹ̀. Wọn a ní, “Bí a bá dé Igbóbì, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà ni.” Èrò yìí kò tọ̀nà. Kì í ṣe ilé ìwòsàn ni ó ń pa ẹsẹ̀. Ohun tí ń mú kí a gé e ni kí ẹran ara rẹ̀ ti kú, kí ó sì ti máa jẹrà. Irú èyí sì lè ti ṣẹlẹ̀ kí aláìsàn tó dé iwájú dókítà, nítorí pé a ti fi igi àti aṣọ di ojú ibẹ̀ le jù nílé, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì rí ọ̀nà kọjá mọ́. Àwọn tí ń to eegun ní ilẹ̀ wa ti wà tipẹ́tipẹ́, àwọn ènìyàn sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìdì tí ó bá le jù kò mọ ẹni tí ó di òun. P.O.P. ti dókítà pàápàá lè wá fún jù, nítorí pé ẹsẹ̀ lè wú sí i lẹ́yìn tí a ti dì í tán, P.O.P. kò sì lè fẹ̀ sí i bí aṣọ.

BÍ EEGUN TI Ń SO

Kì í ṣe P.O.P. ni ó ń wo eegun sàn. Ara fúnra rẹ̀ ni. Bí eegun bá dá, ẹ̀jẹ̀ a kọ́kọ́ dì sí ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ara a fi ohun rírọ̀ so ojú méjèèjì pọ̀, ohun rírọ̀ yìí a sì máa le díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di eegun. Iṣẹ́ P.O.P. ni láti mú ojú méjèèjì dúró sí àyè wọn. Ẹni tí ó bá fọ́ P.O.P. rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta nítorí pé ìrora ti lọ, ó dà bí bíríkìlà tí ó yọ pákó abẹ́ dẹ́kìn kí kọnkéré tó gbẹ. Eegun apá àgbàlagbà lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Eegun ojúgun lè gbà tó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọmọdé a máa yá ju ti àgbà.

ỌJỌ́ MẸ́TA ÀKỌ́KỌ́

Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ni P.O.P. funfun ń le, ṣùgbọ́n ó lè gbà tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó tó gbẹ dé inú. Ní àkókò yìí, kí a má ṣe tẹ̀ ẹ́ ní ìka, kí a má ṣe gbé e lé etí àga, kí a má ṣe fi aṣọ nípọn bò ó, kí a má sì ṣe yá a níná. Atẹ́gùn ni kí ó gbẹ ẹ́. Kí aláìsàn má ṣe fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, àfi bí dókítà bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá dùbúlẹ̀, kí a to ìrọ̀rí sí abẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ náà títí yóò fi ga ju àyà rẹ̀ lọ. Èyí ni yóò mú kí wíwú rẹ̀ dín kù. Kí a bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti ìlẹ̀kẹ̀ kúrò lára apá tàbí ẹsẹ̀ náà kí ó tó wú. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sùn, kí ó máa na ọmọ ìka rẹ̀, kí ó sì máa ká wọn ní wákàtí wákàtí.

ÀWỌN ÀMÌ EWU

Bí a bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, kí a padà sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an:

1. Ìrora tí ń le sí i, tí oògùn kò dín kù, pàápàá bí ó bá gbóná sí i nígbà tí a rọra na ọmọ ìka.

2. Ọmọ ìka tí ó wú bọ́nbọ́n, tí ó tutù, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Lára ènìyàn dúdú, èékánná ni kí a wò. Kí a tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi funfun, kí a sì fi í sílẹ̀. Kí a tó ka ení, èjì, ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ti padà sí i.

3. Bí ọmọ ìka bá kú, tí kò mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, tàbí tí ó dà bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un.

4. Bí aláìsàn kò bá lè mi ọmọ ìka rẹ̀ mọ́.

5. Bí òórùn búburú tàbí omi bá ń jáde láti inú P.O.P., tàbí bí ibà bá dé.

6. Bí àyà bá ń dun aláìsàn tí kò sì lè mí dáradára, tàbí bí itan rẹ̀ bá wú lójijì. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan.

Ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ kò dé lè bẹ̀rẹ̀ sí kú láàrin nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Nítorí náà, bí ọmọdé tí a di apá rẹ̀ bá ń ké ní òru láìdákẹ́, tí ó sì ń figbe ta bí a bá kan ọmọ ìka rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má ṣe sọ pé àkẹ́jù ni, kí bàbá rẹ̀ má sì ṣe sọ pé kí ilẹ̀ mọ́ ná. Apá tí a lè gbà là ní aago mẹ́wàá alẹ́ lè má ṣe é gbà là mọ́ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Bí kò bá sí ọkọ̀, kí a pe 767 tàbí 112, tí í ṣe nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

ÌTỌ́JÚ OJOOJÚMỌ́

Omi ni ọ̀tá P.O.P. funfun. Nígbà ìwẹ̀, kí a fi ọ̀rá wé e, kí a di ẹnu ọ̀rá náà, kí a sì tún na apá tàbí ẹsẹ̀ náà síta kúrò níbi omi. Bí òjò bá sọ ojú ọ̀nà di odò, kí aláìsàn jókòó sílé. Bí P.O.P. bá rin, tí ó rọ̀, tàbí tí ó là, kí a lọ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Abẹ́ P.O.P. a máa yún ni gidigidi. Kí a má ṣe ki ìgbálẹ̀, ìyarun tàbí wáyà bọ inú rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ kékeré tí a kò rí lè di egbò ńlá lábẹ́ ibẹ̀. Kí a má ṣe da àgbo, òróró tàbí páúdà sí i. Kí a máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ẹnu rẹ̀, tàbí kí a rọra fi ìka gbá a láti òde. Bí etí rẹ̀ bá ń ha ara, kí a má ṣe fi ọ̀bẹ gé e. Dókítà ni kí ó tún un ṣe.

Ẹni tí ń fi ọ̀pá abẹ́ abíyá rìn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ ni a fi ń gbé ara, kì í ṣe abíyá. Kí àyè tí ó tó ìka méjì tàbí mẹ́ta wà láàrin abíyá àti orí ọ̀pá. Bí abíyá bá ń gbé ara lé e, ọwọ́ lè kú. Bí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí ó dára ni kí ó kọ́kọ́ gòkè. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tí ó dá ni kí ó ṣáájú.

Kí aláìsàn máa jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀fọ́. Kí ó fi sìgá sílẹ̀ pátápátá, nítorí pé ó ń mú kí eegun pẹ́ kí ó tó so.

YÍYỌ P.O.P.

Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí eegun ti so, lẹ́yìn tí ó bá ti wo àwòrán X-ray rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àdá tàbí òòlù yọ ọ́ nílé. Ayùn tí a ń lò ní ilé ìwòsàn a máa pariwo, ẹ̀rù rẹ̀ a sì máa ba ọmọdé. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ni ó ń gbọ̀n, kì í yí po, a sì ṣe é kí ó lè gé ohun líle láìgé awọ ara. Bí a bá yọ ọ́ tán, ẹsẹ̀ náà yóò tín-ínrín, awọ rẹ̀ yóò sì máa bó. Èyí kì í ṣe àrùn. Kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kí a fi òróró pa á, kí aláìsàn sì máa ṣe eré ìdárayá tí wọ́n bá kọ́ ọ lójoojúmọ́ títí agbára yóò fi padà.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ko ni lójú. Kí ẹni tí ó mọ̀wé ka ẹ̀kọ́ yìí sí etí ìgbọ́ àwọn tí kò lè kà á, pàápàá àwọn àmì ewu mẹ́fà náà, kí ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri ní ilé tí aláìsàn wà.