Ọgbà Òkúta Inú Òkun

1. Ìlérí Táyé

Ìbejì ni Kẹ́hìndé àti Táyé. Ọmọ ọdún 8 ni wọ́n. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni bàbá wọn, ọmọ Kétu sì ni ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ìlú Salvador ni wọ́n ń gbé báyìí, ní orílẹ̀-èdè Bràsílì, ní òdì kejì òkun ńlá. Bàbá ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, àwọn ọmọ pe Ìyá Àgbà lórí fóònù. Agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ni ní Salvador. Ní Àjàṣẹ́, agogo 9 alẹ́ ti lù.

« Ẹ kú alẹ́ o, Ìyá Àgbà! »

« Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin èjìrẹ́ mi. Kí ni ẹ fẹ́ ṣe ní ọ̀la? »

« Bàbá àti Màmá ń mú wa lọ sí erékùṣù Itaparica, » ni Kẹ́hìndé dáhùn.

« Màá mú òkúta inú òkun kan bọ̀ fún yín, » ni Táyé wí. « Màá mú èyí tí ó dára jù. »

Inú Ìyá Àgbà dùn. Ó súre fún wọn, ó sì ní kí wọ́n tètè lọ sùn.

2. Nínú ọkọ̀ ojú omi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Màmá di oúnjẹ àti omi sínú agbọ̀n. Kẹ́hìndé fi ìwé, pẹ́ńsùlù àti rúlà sínú àpò rẹ̀. Wọ́n lọ sí etí omi níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń gbéra.

Ọkọ̀ ojú omi náà tóbi ju ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ó la ẹnu gbàgà bí ẹja ńlá. Àwọn mọ́tò wọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn sì gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Agogo 8 lù, ọkọ̀ náà fọn fèrè, ó sì gbéra.

Ọkọ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù ba Táyé, ó di ọwọ́ Bàbá mú.

« Bàbá, ṣé a ò ní rì? »

« A ò ní rì. Wo àpótí yẹn. Inú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀wù wà tí ènìyàn ń wọ̀ kí ó má baà rì. Jókòó, má ṣe sáré lórí ọkọ̀. »

Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, wọ́n rí igi àgbọn àti ilé kéékèèké. Itaparica nìyẹn. Òun ni ó tóbi jù nínú gbogbo erékùṣù tí ó wà níbẹ̀.

« Orúkọ yìí ti pẹ́, » ni Bàbá wí. « Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ó ń gbé ibí láti ayébáyé ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní èdè wọn, itá ni òkúta. Àwọn ènìyàn sọ pé ìtumọ̀ orúkọ náà ni ọgbà òkúta. »

« Ta ni ó kọ́ ọgbà náà? » ni Kẹ́hìndé béèrè.

Bàbá rẹ́rìn-ín. « Ẹ ó rí wọn. Wọn ò tóbi rárá. »

3. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní etí òkun

Wọ́n wọ ọkọ̀ kékeré kan lọ sí apá ibi tí erékùṣù náà ti kọjú sí òkun. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, omi òkun ti fà sẹ́yìn. Ní iwájú wọn, òkúta gígùn kan yọ sókè láti inú omi. Ó na ara rẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ etí òkun bí ọgbà tí a ṣe yí ilé ká. Láàárín ọgbà náà àti iyanrìn, omi mọ́ gaara nínú àwọn kòtò kéékèèké.

Àwọn ọmọ wo inú omi. Wọ́n rí ẹja wẹ́wẹ́ oníla dúdú àti ofeefee. Wọ́n rí akàn kan tí ó sá wọ ihò. Wọ́n tún rí ohun kan tí ó rí róbótó, tí ẹ̀gún dúdú bò ó bí òòrẹ̀.

« Má ṣe tẹ̀ ẹ́ o! » ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn wọn. Bàbá arúgbó kan ni, apẹja ni, ó gbé àwọ̀n lé èjìká. Èdè Pọtogí ni ó ń sọ, Bàbá sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ. « Pinaúna ni à ń pe ìyẹn. Ẹranko ni. Ẹ̀gún rẹ̀ ń dun ènìyàn gan-an. Orí iyanrìn ni kí ẹ máa rìn. »

Kẹ́hìndé yára gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n Táyé kò gbọ́. Ó ti tẹ̀ síwájú. Ó rí òkúta kan nínú omi tí ó dà bí òdòdó. Ó ní ìka kéékèèké púpọ̀.

« Èyí ni ti Ìyá Àgbà! » ni ó wí nínú ara rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di ìka kan mú, ó fà á.

Kà! Ìka náà kán.

4. Òkúta tí ó ń bẹ láàyè

Apẹja náà bọ́ sínú omi. Kò pariwo mọ́. Ó tẹ ara rẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé.

« Ọmọ mi, òkúta yìí ń bẹ láàyè. Wò ó dáadáa. »

Táyé tẹjú mọ́ ọn. Ó rí i pé ẹnu kékeré kan wà ní orí ìka kọ̀ọ̀kan.

« Iyùn ni, » ni Bàbá túmọ̀ fún un. « Ẹranko wẹ́wẹ́ ni ó ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ń fi ohun tí ó wà nínú omi òkun kọ́ ilé òkúta fún ara wọn. Ṣé ẹ mọ ikán ní ilé? Ikán kékeré ni, ṣùgbọ́n òkìtì rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn wọ̀nyí. Àwọn ni ó kọ́ púpọ̀ nínú ọgbà yìí. »

« Ṣé wọ́n ń yára kọ́ ọ? » ni Kẹ́hìndé béèrè.

Apẹja náà mi orí. « Rárá. Irú èyí kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ ní ọdún kan. »

Kẹ́hìndé mú rúlà rẹ̀ jáde. Ó wọn òkúta náà láì fọwọ́ kàn án. Sẹ̀ǹtímítà 12 ni.

« Ó ti lo ọdún 12, ó kéré tán! » ni Kẹ́hìndé ké. « Ó ju àwa méjèèjì lọ! »

Ó tún wọn ìka tí ó kán ní ọwọ́ Táyé. Sẹ̀ǹtímítà 3 ni.

Táyé ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ọdún 9. Ọdún 10. Ọdún 11. Kí irú ìka bẹ́ẹ̀ tó tún hù, òun yóò ti di ọmọ ọdún 11. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

« Mi ò mọ̀, » ni ó wí. « Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ padà. »

« A ò lè lẹ̀ ẹ́, » ni apẹja náà dáhùn. « Dá a padà sínú omi. Láyé àtijọ́, àwọn àgbàlagbà pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀, tiwọn sì pọ̀ ju tìrẹ lọ. Wọ́n fọ́ iyùn, wọ́n sun ún nínú iná, ó di ẹfun funfun. Wọ́n fi ẹfun náà kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé náà dúró, ṣùgbọ́n òkun kò rí ọgbà rẹ̀ gbà padà kíákíá. Inú ọgbà yìí ni ẹja kéékèèké ń sá pamọ́ sí. Bí kò bá sí ọgbà, kò sí ẹja. Bí kò bá sí ẹja, kí ni èmi yóò jẹ? »

Táyé rọra fi ìka òkúta náà sílẹ̀ nínú omi. Màmá fi aṣọ rẹ̀ nu ojú rẹ̀.

« Wọ́n kọ́ wa pé kí a máa bu ọlá fún ẹni tí ó jù wá lọ, » ni Màmá wí. « Ó wu ọ́ láti ṣe ọ̀fẹ́ fún Ìyá Àgbà. Ya àwòrán rẹ̀ fún wọn. »

Táyé jókòó sórí iyanrìn. Ó gba ìwé àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ Kẹ́hìndé. Ó ya òkúta náà pẹ̀lú gbogbo ìka rẹ̀. Ó ya ibi tí ó kán náà. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: Ó jù mí lọ.

5. Àkàrà ní òdì kejì òkun

Ebi ń pa wọ́n. Obìnrin kan tí ó wọ aṣọ funfun ń din nǹkan nínú epo pupa lábẹ́ igi. Òórùn rẹ̀ ta sánsán.

« Àkàrà! » ni àwọn ọmọ ké lẹ́ẹ̀kan náà.

« Acarajé, » ni obìnrin náà wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ni ó fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní Kétu. Bí wọ́n ti ń jẹun, Màmá sọ ìtàn fún wọn. Ní ìgbà kan, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú láti Kétu àti ìlú mìíràn wá sí ilẹ̀ yìí. Wọn kò lè gbé ẹrù dání, ṣùgbọ́n wọ́n rántí oúnjẹ wọn, orin wọn àti èdè wọn. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń ṣe Egúngún ní erékùṣù yìí. Ní ọdún 1888 ni òfin fi òpin sí ẹrú ní Bràsílì. Àwọn kan nínú wọn ti padà sí Àjàṣẹ́. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, omi òkun ti ń kún padà. Ó bo àwọn kòtò, ó bo òkúta náà.

« Ọgbà ti lọ! » ni Kẹ́hìndé wí.

« Kò lọ, » ni Táyé dáhùn. « Ẹ wo ìgbì. »

Lóòótọ́, ìgbì ńlá ń bọ̀ láti ojú òkun. Nígbà tí ó dé ibi tí ọgbà wà, ó fọ́, ó di ìfófòó funfun. Omi tí ó dé ẹsẹ̀ wọn kò ju ti odò kékeré lọ.

Ní agogo 3, wọ́n wọ ọkọ̀ padà. Ní agogo 5, Táyé gbé fóònù.

« Ìyá Àgbà, ẹ má bínú. Mi ò mú òkúta náà bọ̀. Mo kán ìka rẹ̀ kan. » Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ìyá Àgbà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní: « Ohun tí ó jù ọ́ lọ tó bẹ́ẹ̀, ṣé nínú àpò ni o fẹ́ gbé e sí? Jẹ́ kí ó wà ní ilé rẹ̀. Mú àwòrán náà bọ̀ fún mi. Ara ògiri ni màá gbé e kọ́. »

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

Erékùṣù: ilẹ̀ tí omi yí ká.
Ìgbì: omi òkun tí ó ń ru sókè tí ó sì ń wó lulẹ̀.
Iyùn: ẹranko wẹ́wẹ́ inú òkun àti ilé òkúta tí wọ́n ń kọ́.
Ẹfun: ìyẹ̀fun funfun tí a lè fi kọ́ ilé.
Àgùdà: àwọn tí ó padà wá láti Bràsílì, àti àwọn ọmọ wọn.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ni Táyé ṣèlérí fún Ìyá Àgbà?
2. Wákàtí mélòó ni ọkọ̀ ojú omi fi dé Itaparica?
3. Ta ni ó kọ́ ọgbà òkúta náà?
4. Kí ni ó mú kí Táyé sunkún?
5. Kí ni àwọn àgbàlagbà fi iyùn ṣe láyé àtijọ́?
6. Àǹfààní méjì wo ni ọgbà òkúta ń ṣe fún àwọn ará erékùṣù?
7. Ṣé ó dára bí Táyé ti sọ òtítọ́ fún Ìyá Àgbà? Kí ni ìdí rẹ̀?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Fi rúlà wọn ọwọ́ rẹ láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka tí ó gùn jù. Bí iyùn bá ń fi sẹ̀ǹtímítà 1 ga ní ọdún kan, ọdún mélòó ni yóò lò kí ó tó ga tó ọwọ́ rẹ? Ṣé ó jù ọ́ lọ?