Ọ̀nà Ọkọ̀ Ojú Irin tí ó Ṣáájú Èrò: Ẹ̀kọ́ láti Ilẹ̀ Jàpáànì

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀, ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni a máa ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin gbà. Ìlú ni ó máa ń kọ́kọ́ wà, ọjà a sì ti kún, kí irin tó dé bá wọn. Ṣùgbọ́n ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jàpáànì, ọ̀nà kan wà tí ó jẹ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ dé, tí ilé, ọjà àti èrò sì tẹ̀ lé e. Ọ̀nà náà ni ó lọ láti ìlú ńlá Osaka dé Takarazuka, tí í ṣe ìlú kékeré ní ẹsẹ̀ òkè. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 24.5, èyí tí ó tó máìlì 15. Hankyu ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín lónìí.

Ìtàn ọ̀nà yìí yẹ ní kíkà. Ó fi hàn bí a ti ṣe mú iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yóò kú gbérí. Ó sì tún fi hàn pé iṣẹ́ tí ó bá ń fún àwọn kan ní èrè lè fi àwọn mìíràn sílẹ̀ lẹ́yìn.

ÌBẸ̀RẸ̀ TÍ Ó NIRA

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1907 ni a dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Orúkọ tí a kọ́kọ́ fún un ni Ọkọ̀ Ojú Irin Oníná Mọ̀nàmọ́ná ti Minoo àti Arima. Minoo jẹ́ ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, tí àwọn ará Osaka sì máa ń lọ wò nígbà tí ewé igi bá pọ́n. Takarazuka àti Arima ní ìsun omi gbígbóná, gẹ́gẹ́ bí Ìkògòsì ti ní ìsun omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ní ilẹ̀ Èkìtì. Láàárín Osaka àti àwọn ibi wọ̀nyí, oko àti abúlé kéékèèké ni ó pọ̀ jù.

Ọdún kan náà ni ọrọ̀ ajé Jàpáànì dẹnu kọlẹ̀. Nínú ìpín 110,000 tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde fún títà, nǹkan bí ìlàjì ni kò rí ẹni tí yóò rà á. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ẹni tí ó bá lọ wẹ omi gbígbóná ní ọjọ́ ìsinmi kò ní lọ ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lọ ní ọjọ́ kẹta. Ta ni yóò wá máa wọ ọkọ̀ náà lójoojúmọ́? Àwọn olùdásílẹ̀ kan ti fẹ́ kí a tú ilé-iṣẹ́ náà ká kí ó tó fi irin kan sílẹ̀.

Ọkùnrin tí ó dúró gbọn-in ni Kobayashi Ichizo. A bí i ní ọdún 1873 ní ìlú Nirasaki, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní báńkì Mitsui fún nǹkan bí ọdún 14 kí ó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ṣe àdéhùn pẹ̀lú àwọn olùdásílẹ̀ pé bí iṣẹ́ náà bá forí ṣánpọ́n, òun fúnra òun ni yóò ru ẹrù owó tí wọ́n bá ti ná dànù. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ nígbà náà. Bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, òun àti ìdílé rẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

ÈRÒ TÍ Ó YÍ ỌKỌ̀ PADÀ

Kobayashi fi ẹsẹ̀ rìn gba ibi tí irin yóò gbà. Bí ó ti ń rìn ni ó ń wo ilẹ̀. Ó rí i pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́, pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì wọ́n. Ní Osaka, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀: ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀, èéfín bo ojú ọ̀run, àwọn ènìyàn sì há mọ́ra nínú ilé. Ó wá rò ó pé bí ilé-iṣẹ́ bá ra ilẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà kí irin tó dé, tí ó sì kọ́ ilé sórí rẹ̀, èrè ilẹ̀ yóò ran ọkọ̀ lọ́wọ́. Àwọn tí ó bá ra ilé náà yóò sì máa wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, wọn yóò sì máa wọ̀ ọ́ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kò lè gbé ọkọ̀ ojú irin ró.

Ní ọdún 1908 ó tẹ ìwé pélébé kan jáde ní ọ̀nà ìbéèrè àti ìdáhùn. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé iye owó tí iṣẹ́ náà yóò gbà, ọ̀nà tí yóò gbà wá owó náà, àti èrò rẹ̀ nípa ilẹ̀ àti ilé.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1910, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Umeda ní Osaka lọ sí Takarazuka, àti láti Ishibashi lọ sí Minoo. Ní ọdún kan náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé ní Muromachi, ní ìlú Ikeda. Ilẹ̀ tí a pín síbẹ̀ tó 200, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bí mítà 330 níbùú-lóròó. Ohun tí ó jẹ́ tuntun jù lọ ni bí a ti ń san owó rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra ilé yóò kọ́kọ́ san díẹ̀ nínú owó náà, yóò sì máa san ìyókù lóṣooṣù fún ọdún 10. Nípa báyìí, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ báńkì tí kò ní owó ńlá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lè di onílé.

BÍ A TI Ń WÁ ÈRÒ FÚN ỌKỌ̀ TÍ Ó ṢÓFO

Ìṣòro kan ṣì kù. Ní òwúrọ̀, ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Osaka kún, èyí tí ó ń ti ibẹ̀ bọ̀ sì ṣófo. Ní ọjọ́ ìsinmi, òṣìṣẹ́ kò lọ sí ibi iṣẹ́ rárá. Nítorí náà, a ní láti ṣe ohun kan tí yóò fa àwọn ará Osaka jáde. A ṣí ọgbà ẹranko ní Minoo ní ọdún 1910, ṣùgbọ́n kò pẹ́. A tì í ní ọdún 1916. Ní ọdún 1911 a kọ́ ilé ìwẹ̀ omi gbígbóná tuntun sí Takarazuka, a sì fi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan kún un lábẹ́ òrùlé. Adágún náà kò kẹ́sẹ járí. Omi rẹ̀ tutù jù, òfin kò sì gba ọkùnrin àti obìnrin láàyè láti jọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Àṣìṣe yìí ni ó di orísun ohun tí ó tóbi jù lọ. A fi pákó bo adágún náà, ó di ibi ìjókòó èrò ìwòran. Ní ọdún 1913 a kó àwọn ọmọbìnrin jọ láti kọ́ orin, ní ọdún 1914 wọ́n sì ṣe eré wọn àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ òṣèré Takarazuka nìyẹn, nínú èyí tí àwọn obìnrin ti ń ṣe ipa ọkùnrin àti ti obìnrin. A kọ́ gbọ̀ngàn ńlá fún wọn ní ọdún 1924, ẹgbẹ́ náà sì wà títí di òní.

Ní ọdún 1918 a yí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà padà, ní ọdún 1920 ó sì ṣí ọ̀nà mìíràn lọ sí Kobe. Kobayashi wá wo ìdíkọ̀ Umeda, níbi tí gbogbo èrò ti ń sọ̀kalẹ̀. Kò fi ìkánjú dá ọjà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi àyè háyà fún ilé ìtajà mìíràn ní ọdún 1920, kí ó lè mọ bí òwò ibẹ̀ yóò ti rí. Ní ọdún 1925 ó ṣí ọjà tirẹ̀, ní ọdún 1929 ó sì ṣí ilé ìtajà ńlá alájà púpọ̀.

Nígbà tí ọ̀wọ́n owó dé, àwọn òtòṣì kan máa ń wá sí ilé oúnjẹ ibẹ̀, ìrẹsì funfun nìkan ni wọ́n sì ń rà. Wọn a da ọbẹ̀ dúdú tí a gbé sórí tábìlì lọ́fẹ̀ẹ́ lé e lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ lé wọn. Kobayashi kọ̀, ó sì ní kí a lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé a fi tayọ̀tayọ̀ gba ẹni tí ó ń ra ìrẹsì nìkan. Ó mọ̀ pé ọ̀dọ́ tí kò ní owó lónìí yóò gbé ìyàwó lọ́la, yóò bí ọmọ, kò sì ní gbàgbé ibi tí a ti yẹ́ ẹ sí.

OHUN TÍ Ó TẸ̀ LÉ E

Kobayashi kú ní ọdún 1957, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró. Ní ọdún 1967, ilé-iṣẹ́ náà fi ẹ̀rọ tí ń gba tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ sí ìdíkọ̀ Kita-Senri. Ní ọdún 1969 a fi kún agbára iná ọ̀nà Takarazuka, láti 600 fóòtì dé 1,500. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1995, ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè Kobe, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 6,000 lọ. Afárá wó, irin sì wọ́. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà ni ọkọ̀ tó lè tún rìn já gbogbo ọ̀nà Kobe.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní àyíká Tokyo pẹ̀lú tẹ̀ lé àpẹẹrẹ yìí. Ṣùgbọ́n ìgbà ń yí padà. Iye ènìyàn ń dín kù ní Jàpáànì, ọgbà ìgbádùn ńlá tí ó wà ní Takarazuka sì ti kógbá sílé ní ọdún 2003.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A WỌ̀N

Apá méjì ni ìtàn yìí ní. Bí kò bá sí èrè orí ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà náà má là rárá, àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ì bá sì wà nínú èéfín Osaka. Ní apá kejì, ẹni tí ó mọ ibi tí irin yóò gbà ni ó ra ilẹ̀ nígbà tí kò wọ́n. Àgbẹ̀ tí ó ta ilẹ̀ rẹ̀ ṣáájú kò pín nínú ohun tí ilẹ̀ náà dà lẹ́yìn náà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé ọ̀nà ń bọ̀, kì í ṣe ìbéèrè ibi tí yóò gbà nìkan ni ó tọ́ kí àwọn àgbà ìlú béèrè. Ó tún tọ́ kí wọ́n béèrè ẹni tí yóò ni ilẹ̀ ẹ̀bá rẹ̀ nígbà tí ó bá dé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí àwọn ènìyàn kò fi fẹ́ ra ìpín ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 1907?
2. Báwo ni ilé tí a kọ́ sí Ikeda ti ṣe ran ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́?
3. Kí ni a rí kọ́ nínú adágún tí ó di gbọ̀ngàn eré?
4. Ọ̀nà wo ni àgbẹ̀ tí ó ni ilẹ̀ lè gbà kí òun náà jẹ nínú èrè ọ̀nà tuntun?