Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Odò: Orúkọ Nìkan Kò Tó



Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi nílé, ní Maryland níbí. Ìyá rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ni màmá fi ń pè é. Ó ní, "Baba, mo gbọ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò dára fún ìsọyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi nínú tiyín."

Lóòótọ́, ọ̀kan wà nínú ìkòkò lójúde mi. Ọwọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì ni mo ti rà á, ẹni tó tà á ló sì pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà ní sùúrù kó tanná ná. Nígbà tó tanná, ojú tì mí. Hymenocallis ni, òdòdó tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá! Odidi ọdún méjì ni mo fi ń bomi rin àlejò, tí mo ń pè é ní onílé.

Ẹ wo bí ẹsẹ Ifá ṣe ń lọ. Orúkọ awo ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ẹni tí wọ́n dífá fún, lẹ́yìn náà ohun tó gbé e wá. Ẹni tó mọ orúkọ awo nìkan kò tíì mọ ẹsẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé rí.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibùgbé rẹ̀. Orúkọ ti sọ ọ́: odò. Inú igbó tútù, ẹ̀bá odò àti àbàtà ló ti ń hù. Crinum jagus ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo òdòdó rẹ̀. Funfun ni, ó ń ta sánsán. Ewé òdòdó mẹ́fà tó fẹ̀, tó sún mọ́ra bí agogo. Bí ilà pupa bá wà lára funfun náà, ìbátan rẹ̀ ni, kì í ṣe òun. Ewé òdòdó ti Hymenocallis tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, awọ fẹ́lẹ́ bí ife sì wà láàárín rẹ̀. Crinum asiaticum, tó ti Éṣíà wá, tí ẹ ń rí níwájú àwọn ilé ńlá, náà tẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó rẹ̀ sì lè ju 20 lọ lórí igi kan.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Isu rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà, ó sì máa ń bímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ yọ ọmọ náà, ẹ gbìn ín kí ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ó fẹ́ ibòji àti ilẹ̀ tó tutù. Ẹ má máa ṣí i kiri. Èso rẹ̀ tóbi, kò ní èèpo líle. Ẹ gbé e lé orí ilẹ̀ lásán, á hù.

Ṣé ọ̀rọ̀ ìsọyè yìí wá jẹ́ òótọ́? Ní 2004, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Phytochemistry lórí Crinum méjì ti Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé èròjà inú wọn ń dí ohun tó ń ba kẹ́míkà ìrántí inú ọpọlọ jẹ́ lọ́wọ́. Galantamine, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àrùn ìgbàgbé ní 2001, inú ìdílé òdòdó kan náà ló ti jáde. Àmọ́ iṣẹ́ yàrá ìwádìí ni ti 2004 yẹn, kì í ṣe ìwòsàn. Májèlé tó ń jẹ́ lycorine wà nínú isu àwọn òdòdó wọ̀nyí, èyí tó jọra àti èyí tó yàtọ̀. Ó ń mú èèyàn bì. Ẹ má fi se nǹkan fúnra yín o.

Mo ní kí ọmọ náà gbé ìyá rẹ̀ lọ rí dókítà, ó sì gbé e lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá rí ojúlówó ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò, tí mo fún un ní ọmọ rẹ̀ kan. Ó ní àárọ̀ àárọ̀ ni màmá ń bomi rin ín. Ó ṣì ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n pè é, ṣùgbọ́n kò gbàgbé òdòdó náà rí.