Bí A Ṣe Lè Dá Ẹpìyà Mọ̀ àti Bí Ó Ti Yẹ Kí A Pa Á



Orúkọ kan ṣoṣo, ẹpìyà, ni a fi ń pe oríṣiríṣi ẹja lọ́jà, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè pa ìyá mọ́ ọmọ, kí ẹja sì wọ́n nínú odò rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn nìyí:

1. Ẹpìyà oníkùn pupa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Coptodon zillii. Ọ̀fun àti ikùn rẹ̀ a máa pọ́n, pàápàá nígbà tí ó bá fẹ́ yé ẹyin. Àmì dúdú kan wà lára lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbára lé àmì yìí nìkan, nítorí ọmọ àwọn ẹpìyà yòókù náà a máa ní in. Ó fẹ́ràn koríko inú omi. Ilẹ̀ odò ni ó ń yé sí, akọ àti abo a sì jùmọ̀ máa ṣọ́ ẹyin náà.

2. Ẹpìyà onílà nírù, Oreochromis niloticus. Ìlà wínníwínní tí ó dúró ṣánṣán kún lẹbẹ ìrù rẹ̀. Ẹnu ni abo rẹ̀ ń kó ẹyin àti ọmọ sí.

3. Ẹpìyà alágbọ̀n dúdú, Sarotherodon melanotheron. Ó wọ́pọ̀ ní ọ̀sà Èkó. Bí ó bá dàgbà, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ a dúdú. Akọ ni ó ń fi ẹnu gbé ẹyin.

Pípa wọn nínú odò

Ẹnu ẹpìyà kò tóbi, nítorí náà ìwọ̀ kékeré ni kí ẹ lò. Ẹ fi ekòló tàbí ẹ̀bà líle bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì dẹ ẹ́ sí ẹ̀bá koríko ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹpìyà tí ó kó ọmọ sẹ́nu kì í fẹ́ jẹun. Ìwọ̀ kì í sábà mú un, àwọ̀n ni í mú un. Bí ẹja kan bá ń pọ ẹyin tàbí ọmọ jáde nínú àwọ̀n yín, ẹ dá a padà sómi kíákíá. Bí ẹ bá rí kòtò róbótó-róbótó ní etí odò, ibi ìyẹ́yin wọn ni. Ẹ má ṣe ju àwọ̀n síbẹ̀. Ẹ lo àwọ̀n olójú ńlá, kí ọmọ ẹja lè rí ọ̀nà sá lọ. Ẹ má sì ṣe da oògùn kòkòrò sínú odò láé: ó ń pa ẹyin, ọmọ àti ìyá pọ̀, ó sì lè ṣe ẹni tí ó jẹ ẹja náà ní ibi.

Nínú adágún tí ẹ gbẹ́ fúnra yín

Níhìn-ín, ọ̀ràn yí padà. Ẹpìyà inú adágún a máa tètè bímọ, a sì máa bí púpọ̀. Wọn a pọ̀ ju oúnjẹ lọ, gbogbo wọn a sì kéré rébété. Àwọn kékeré gan-an ni kí ẹ máa kó jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń fa àgbàdo tí ó hù pọ̀ jù tu, kí ìyókù lè rí àyè dàgbà.

Àgbẹ̀ tí ó bá jẹ èbù iṣu rẹ̀ tán, kí ni yóò gbìn ní ọdún tí ń bọ̀? Ìyá ẹja ni èbù odò.