Èèrà Tí Ẹ Ó Kọ́kọ́ Sìn

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó bá wù yín láti sin èèrà, Lasius niger ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, èèrà dúdú kékeré inú ọgbà yẹn. Lóṣù keje tàbí ìkẹjọ, tí oòrùn bá mú, àwọn ayaba rẹ̀ a fò jáde. Èyí tó bá ti já ìyẹ́ rẹ̀ dànù, tó ń rìn nílẹ̀, ni kí ẹ mú. Ẹ fi sínú túùbù onígíláàsì tó ní omi nísàlẹ̀, kí ẹ fi òwú dí omi náà, kí ẹ tún fi òwú dí ẹnu túùbù, kí ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Ẹ má fún un lóúnjẹ: iṣan ìyẹ́ tí kò lò mọ́ ni ara rẹ̀ ń jẹ títí àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò fi jáde. Ẹ má máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti jáde ni ẹ̀kán oyin àti eṣinṣin kàn án. Nígbà òtútù, ẹ jẹ́ kó sinmi níbi tútù.

Ìjàlọ ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Wọn kì í gbé ojú kan.

Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o: ayaba Lasius niger kan gbé ju ọdún 28 lọ lọ́wọ́ ẹni tó sìn ín.