Ẹ̀yin Oníṣẹ́ Géèmù, Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní FUTA l'Ákùúrẹ́, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Adéyẹmí nílùú Oǹdó, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbá géèmù o. Ohun tí mò ń wí ni pé kẹ́ ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún.

Bí géèmù tuntun bá ń falẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yín, ẹ ó ní ẹ̀rọ ti gbó. Ó lè gbó lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjà náà wà níbẹ̀. Nínú 100 káàdì GPU, ìyẹn káàdì tó ń yàwòrán, tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ fún kọ̀ǹpútà, ó ju 80 lọ tó jẹ́ ti Nvidia, iléeṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. AMD àti Intel ló ń pín ìyókù. Orí káàdì tó gbòde ni oníṣẹ́ géèmù kọ̀ǹpútà ti sábà máa ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Nvidia náà ò káwọ́ gbera: wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ géèmù nírinṣẹ́ tiwọn. Nígbà tí The Witcher 3 jáde lọ́dún 2015, HairWorks ti Nvidia ló ń mú irun akọni inú rẹ̀ fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó wu ojú, ṣùgbọ́n ó wúwo gan-an fún káàdì AMD, kódà àwọn káàdì Nvidia tó ti pẹ́ jìyà níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ní AMD rí i pé táwọn bá dín bó ṣe ń pín irun náà sí wẹ́wẹ́ kù, eré á padà yá, ojú ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyàtọ̀. Ẹrù tí kò pọn dandan ni wọ́n ti ń rù látàárọ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sá lọ ra káàdì olówó ńlá, ẹ yẹ sẹ́tín géèmù yín wò. DLSS, irinṣẹ́ tó ń mú eré yá sí i, tí Nvidia gbé jáde ní 2018, káàdì RTX tiwọn nìkan ló wà fún. FSR, irú rẹ̀ tí AMD gbé jáde ní 2021, ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì ẹlòmíì náà. Bẹ́ ẹ bá rí èyí tó bá káàdì yín mu, ẹ tàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe géèmù tà ni mo ní ọ̀rọ̀ fún jù. Nvidia kọ́ ni ọba lọ́jà Àkúrẹ́. Tecno, Infinix àti itel ló wà lápò àwọn ènìyàn wa. Ẹ̀rọ MediaTek tàbí Unisoc ló pọ̀ nínú wọn, Mali tàbí PowerVR ló sì ń yàwòrán fún wọn. Ẹ ra ọ̀kan tó rọjú, kẹ́ ẹ máa dán iṣẹ́ yín wò lórí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ìṣẹ́jú méjì dán an wò o. Ẹ jẹ́ kó gbóná, torí fóònù tó bá gbóná máa ń dẹ eré. Ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù, nítorí dátà wọ́n.

Síbẹ̀, ẹ má so ara yín mọ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Gamsole, tí Abiola Olaniran dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2012, fi géèmù orí Windows Phone ti Microsoft lókìkí. Nígbà tí ọdún 2020 fi máa wọlé, Microsoft ti ń palẹ̀ fóònù náà mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń fi Vulkan, irinṣẹ́ tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, yàwòrán, iṣẹ́ rẹ̀ lè rìn lórí GPU oríṣiríṣi.

Ẹ ya fóònù ìyá yín lò lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ gbé géèmù yín sí i. Bó bá há, kò tíì tó o tà.